Olorì Máxima: A Kí Aṣọ, A Kí Iṣẹ́

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2013, Ọbabìnrin Beatrix ti ilẹ̀ Nẹ́dálándì fọwọ́ sí ìwé ní Amsterdam pé òun gbé ipò sílẹ̀ fún ọmọ òun, Willem-Alexander. Ọba tuntun ló ń lọ búra, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni gbogbo kámẹ́rà ń wá kiri. Máxima jáde nínú aṣọ búlúù tó ń dán, aṣọ ìlékè rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ tẹ̀lé e, òkúta sáfáyà ń kọ mànà lórí adé rẹ̀. Jan Taminiau, ọmọ bíbí ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ló gé aṣọ náà tó sì rán an. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ibi tí obìnrin yìí dé tí ojú kì í sáré bá a dé ibẹ̀.

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ẹni tó bá múra wá sóde, wọn a wá àga fún un. Ohun tí a fi ń yin Máxima lónìí ni ohun tó ṣe lẹ́yìn tó jókòó sórí àga náà. Ó mú ojú tó ń wo aṣọ rẹ̀, ó darí rẹ̀ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń pàtẹ ẹ̀fọ́ ní ọjà, tí báńkì kò kà kún.

Wọn kò bí i sí ààfin. Buenos Aires, olú-ìlú Argẹntínà, ni wọ́n ti bí Máxima Zorreguieta ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1971. Ó kàwé nípa ètò ọrọ̀ ajé ní yunifásítì àwọn Kátólíìkì níbẹ̀, ó gboyè jáde ní 1995, ó sì kọjá sí New York lọ ṣiṣẹ́ báńkì. Ó ṣiṣẹ́ ní HSBC, ó ṣiṣẹ́ ní Dresdner Kleinwort Benson, ó ṣiṣẹ́ ní Deutsche Bank. Ẹ bá wa fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí i. Kí obìnrin yìí tó di olorì, ó ti jókòó nínú báńkì, ó mọ bí owó ṣe ń rìn, ó sì mọ irú ẹni tí owó kì í rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìlú Seville ní ilẹ̀ Spéènì ni òun àti Willem-Alexander ti pàdé ní 1999, níbi ọdún ìlú tí wọ́n ń pè ní Feria. Alexander lásán ni ọ̀dọ́kùnrin náà pe ara rẹ̀. Nígbà tó wá jẹ́wọ́ pé ọmọ ọba ni òun, àwàdà ni Máxima pè é.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi kúrò ní àwàdà. Jorge Zorreguieta, bàbá Máxima, ti ṣe akọ̀wé ìjọba fún iṣẹ́ àgbẹ̀ nínú ìjọba ológun Jorge Videla, ìjọba tó fi ipá gba Argẹntínà ní 1976, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì di àwátì lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ará Nẹ́dálándì fárí gá. Wọ́n ní ṣé ọmọ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni yóò wá di olorì àwọn. Bí ẹni tí yóò jọba lọ́la bá fẹ́ gbéyàwó nílẹ̀ wọn, tó sì fẹ́ kí ìtẹ́ ṣì jẹ́ tòun, ilé aṣòfin gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ní 2001, wọ́n fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó ti yé tọ̀tún-tòsì pé bàbá ìyàwó kò ní yọjú lọ́jọ́ náà. Ìyá ìyàwó náà kò wá.

Ẹ wo ọmọ tó ń lọ sílé ọkọ, tí kò rí bàbá, tí kò rí ìyá tí yóò gbé ọwọ́ lé e lórí. Ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 2002 ni. Aṣọ tí Valentino rán wà lọ́rùn rẹ̀, ọba àti ìjòyè láti oríṣìíríṣìí ilẹ̀ kún inú ṣọ́ọ̀ṣì Nieuwe Kerk. Ni ọ̀gbẹ́ni kan bá gbé bandoneon sórí itan, ohun èlò orin tí àwọn ará Argẹntínà fi ń kọ tángò, ó sì tẹ Adiós Nonino, orin tí Astor Piazzolla ṣe nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Omi bọ́ lójú Máxima. Kò lè dá a dúró, kò sì fi ojú pamọ́. Àwa tí àwọn ìyá wa máa ń sun ẹkún ìyàwó kí wọ́n tó kúrò nílé bàbá wọn, a kò nílò ògbufọ̀ fún omijé yẹn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ń wò ó tìfura-tìfura ní Nẹ́dálándì ló gbà á lọ́mọ lọ́jọ́ náà.

Ó ti ṣe ohun kan ṣáájú tó rọ ọkàn wọn. Ó kọ́ èdè wọn kíákíá. Nígbà tí wọ́n kéde ní oṣù Kẹta ọdún 2001 pé àwọn méjèèjì fẹ́ fẹ́ ara wọn, èdè Dutch ló fi dá àwọn oníròyìn lóhùn. Ọ̀rọ̀ kan tí ọmọ ọba sọ nípa Argẹntínà ti dá awuyewuye sílẹ̀ ní àkókò yẹn, wọ́n sì bi Máxima. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọkùnrin òun gọ̀ díẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ẹni tó lè fi èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wí tẹ̀rín-tẹ̀rín lójú gbogbo ìlú, tí inú ẹnikẹ́ni kò sì bàjẹ́, ọlọ́gbọ́n obìnrin ni.

Àlejò ni òun fúnra rẹ̀, kò sì gbàgbé àwọn àlejò yòókù. Ní 2003, ó wọ inú ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ kí àwọn obìnrin tó ṣí wá láti ilẹ̀ mìíràn lè rọ́nà dé ibi iṣẹ́, kí wọ́n sì lè kópa nínú ọ̀rọ̀ ìlú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, ó sọ lójú agbo pé láti ìgbà tí òun ti dé, òun kò tíì rí ohun kan ṣoṣo tí a lè nàka sí pé òun ni jíjẹ́ ọmọ Nẹ́dálándì, nítorí orílẹ̀-èdè náà pọ̀ ju kí a fi ọ̀rọ̀ kan pè é lọ. Àwọn kan gbaná jẹ. Ọmọ Yorùbá tó ń tọ́mọ ní Peckham tàbí ní Houston, tí ọmọ ń bi í pé ará ibo gan-an ni àwọn, mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ aṣọ wàyí, ká má sì tijú rẹ̀. Àwọn kan gbà pé obìnrin tó bá fẹ́ràn aṣọ, orí rẹ̀ á ṣófo. A kò mọ ibi tí wọ́n ti kọ́ irú èrò bẹ́ẹ̀, ó dájú pé kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá. Níbi tí a ti wá, àǹkóò jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, gèlè tó dúró dáadáa jẹ́ ọ̀wọ̀ fún ẹni tó pè wá sóde. Máxima yóò mọ bí a ṣe ń ṣe é. Àwọ̀ kì í bà á lẹ́rù. Ọsàn tó jẹ́ àwọ̀ ìdílé ọba wọn, pupa, ìyeyè, àwọ̀ ewé, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ̀, a sì máa yẹ ẹ́. Fìlà rẹ̀ á fẹ̀, yẹtí rẹ̀ á gùn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kẹta nínú oṣù Kẹsàn-án lọ́dọọdún, nígbà tí ọba bá ń lọ ka ètò ìjọba fún àwọn aṣòfin ní The Hague, àwọn èrò tó tò sójú ọ̀nà á ti máa retí irú fìlà tí olorì yóò dé. Edouard Vermeulen tó ni ilé ìránṣọ Natan ní Brussels ti rán ọ̀pọ̀ aṣọ fún un. Ní London ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ lọ kí Ọbabìnrin Elizabeth, ó dé adé tí dáyámọ́ǹdì Stuart wà lórí rẹ̀, òkúta tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kárátì 40, tí ojú ayé kò rí lórí olorì kankan láti ìgbà Ọbabìnrin Juliana, ìyá Beatrix.

Síbẹ̀, ohun tó wú wa lórí jù nínú ìmúra rẹ̀ ni pé a máa tún aṣọ wọ̀. Aṣọ tó wọ̀ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, á yọ ọ́ jáde nínú àpótí, á pààrọ̀ ìgbànú, á fi fìlà mìíràn sí i, á sì jáde tayọ̀tayọ̀. Àwọn oníròyìn á gbé àwòrán méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kò sì ní kọbi ara sí i. Olorì ni. Kò sí aṣọ tí owó rẹ̀ kò lè rà. Nílé tiwa, ẹni tí kò tíì san owó ilé ìwé ọmọ á yá owó ra aṣọ ẹbí tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan, kò sì ní tún un wọ̀ mọ́ nítorí pé wọ́n ti rí i lọ́rùn rẹ̀ lórí Facebook. Ó wù wá kí àwọn àrẹwà obìnrin wa wo àpẹẹrẹ yìí dáadáa.

Ọ̀rọ̀ owó tí a dá dúró lẹ́ẹ̀kan ló wá kàn.

Ní 2005, ọdún tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ìyáwó kéékèèké, Máxima wà lára àwọn tó ń dámọ̀ràn. Ní 2009, Ban Ki-moon, Akọ̀wé Àgbà àjọ náà nígbà yẹn, yàn án pé kó máa ṣe alágbàwí jákèjádò ayé kí iṣẹ́ báńkì lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. Ọdún 15 ló fi ṣe é.

Ta ni ó ń gbẹnu sọ fún? Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń ta tòmátì ní ọjà Mile 12 ní Èkó. Owó ń wọlé fún un lójoojúmọ́. Ibo ni yóò kó o sí? Bó bá kó o sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, olè lè jí i, iná lè jó o, ẹbí lè wá fi omijé yá a, kó má dá a padà. Bó bá fẹ́ yá owó kún ọjà, báńkì á ní kó mú ìwé ilẹ̀ wá, kó mú ìwé owó-oṣù wá, kó mú ẹni tí yóò dúró fún un wá. Bí ọkọ̀ tòmátì bá dojú dé lójú ọ̀nà láti òkè Ọya, kò sí ìdójútòfò tí yóò dá a padà sórí àtẹ. Ìyá yìí ti ń jí láago mẹ́rin òwúrọ̀ kí a tó bí ọ̀gá báńkì náà. Kò ní ìwé tó pọ̀ tó, nítorí náà báńkì kò rí i.

Àwọn ìyá wa kò torí ìyẹn káwọ́ gbera. Wọ́n dá èsúsú, wọ́n dá àjọ. Alájọ á wá lójoojúmọ́, á gba owó, á fàmì sí káàdì. Bí oṣù bá parí, á kó owó fún oníkálukú, á sì yọ owó ọjọ́ kan fún ara rẹ̀. Títí di òní, bí ará Èkó bá fẹ́ yin ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, á ní orí rẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú. Èsúsú yìí bá àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú sọdá òkun, ó sì wà ní Trinidad di òní, tí wọ́n ń pè é ní susu. Ní Suriname, ilẹ̀ tí Nẹ́dálándì jọba lé lórí fún ìgbà pípẹ́, kasmoni ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, àwọn ará Suriname tó wà ní Amsterdam sì ń dá a. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé láàárín ìlú tí Máxima ti jẹ́ olorì gan-an, àwọn obìnrin wà tó ti mọ iṣẹ́ yìí kí báńkì tó mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n àjọ ní ibi tó ń dé dúró. Alájọ lè sá lọ. Owó náà kì í bímọ. Èyí tó burú jù ni pé ogún ọdún tí ìyá kan ti ń dá àjọ láìyẹsẹ̀, kò sí báńkì tó lè kà á kó sì sọ pé olóòótọ́ ni, ẹ yá a lówó. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ olorì yìí ti wọlé. Kò kó owó kiri kó máa há a fún àwọn tálákà, kí wọ́n ya fọ́tò, kó wọkọ̀ òfuurufú padà sílé. Ọ̀dọ̀ ààrẹ, gómìnà báńkì àpapọ̀ àti ọ̀gá iléeṣẹ́ fóònù ló ń lọ. Ó bi wọ́n pé òfin wo ló ń dí ìyá tòmátì lọ́wọ́ láti ṣí àkáǹtì, èló ni ẹ ń yọ bó bá fi ẹgbẹ̀rún kan náírà ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀ dípò ìwé iná. Ta ni nínú wọn tí yóò ní òun kò ráyè gbọ́ olorì? Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ báńkì ráhùn sí i létí, ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ báńkì rí ni.

Ó bá iṣẹ́ náà dé Ethiopia, ó dé Pakistan, ó dé Indonesia. Ó wá sí Nàìjíríà náà ní 2017, ó sì dé Abuja àti Èkó. Lọ́dún yẹn, bí a bá mú àgbàlagbà 100 ní Nàìjíríà, 40 péré ló ní àkáǹtì nínú ìṣirò Báńkì Àgbáyé, bẹ́ẹ̀ sì ni Báńkì Àpapọ̀ wa ti pinnu láti 2012 pé tó bá fi máa di 2020, àwọn tí iṣẹ́ báńkì kò dé ọ̀dọ̀ wọn kò gbọdọ̀ ju 20 nínú 100 lọ. Nígbà tó di 2021, àwọn tó ní àkáǹtì jẹ́ 45. Ìyẹn kò tó, ó sì dùn wá, nítorí obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣẹ́kù síta.

Kárí ayé, nǹkan yí padà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Báńkì Àgbáyé kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí ní 2011, àgbàlagbà 51 nínú 100 ló ní àkáǹtì. Ní 2021, wọ́n ti di 76. A kò ní sọ pé Máxima ló ṣe é. M-Pesa, ètò fífi fóònù fowó ránṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Kenya ní 2007, kó ipa ribiribi, àwọn ìjọba bíi ti India kó ipa tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn títí tó fi ṣí, a gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ náà.

Ohun mìíràn wà tí a fẹ́ kí i fún, tí kò rọrùn láti sọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2018, àbúrò rẹ̀ obìnrin kú ní Buenos Aires, ẹni ọdún 33. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kú. Ilé ọba mìíràn ì bá fi aṣọ bò ó, kí wọ́n ní àìsàn ránpẹ́ ni. Kí oṣù náà tó parí, Máxima dúró níwájú àwọn oníròyìn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó bá a kẹ́dùn, ó ní àìsàn ló ń ṣe àbúrò òun, kò sì rí ìwòsàn. A mọ bí wọ́n ṣe máa ń sin irú òkú bẹ́ẹ̀ lábẹ́lẹ̀ nílé wa, tí ẹnikẹ́ni kò ní í dárúkọ rẹ̀ mọ́, tí ìyá rẹ̀ yóò sì máa dá sunkún. Ẹni tó bá ti jókòó ti irú ìyá bẹ́ẹ̀ mọ iye tí ọ̀rọ̀ Máxima tó. Láti 2022, ó ti ń ṣe alága ọlá fún MIND Us, àjọ tó ń bójú tó ìlera ọpọlọ àwọn ọ̀dọ́ ní Nẹ́dálándì.

Ènìyàn ni, ó sì ti ṣi ẹsẹ̀ gbé rí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí kòrónà le, tí wọ́n ní kí ará ìlú má rìn kiri, òun àti ọba gbéra lọ sí Greece fún ìsinmi. Ìlú bínú, wọ́n sì yára padà. Wọ́n jọ jókòó níwájú kámẹ́rà, wọ́n tọrọ àforíjì. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2023, àforíjì tó wúwo ju ìyẹn lọ ni Willem-Alexander tọrọ ní Amsterdam, nítorí òwò ẹrú tí àwọn baba ńlá rẹ̀ jẹ èrè rẹ̀. Máxima wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ti ọba, a kò sì ní gbé e fún olorì, ṣùgbọ́n a rí i pé kò gbélé.

Láti 2024, iṣẹ́ rẹ̀ ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti gba ojú mìíràn. Àlàáfíà owó ló ń jà fún báyìí, pé kí ẹni tó ti ní àkáǹtì lè sùn kó hanrun, kó ní owó díẹ̀ fún ọjọ́ àìròtẹ́lẹ̀, kí gbèsè má gbé e mì. Bó ti yẹ kó rí nìyẹn, nítorí fóònù tó gbé báńkì dé ọwọ́ tálákà ló gbé àwọn ayánilówó kan dé ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. A mọ̀ wọ́n ní Nàìjíríà. Wọ́n á yá ọ lówó láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, èlé rẹ̀ á ga dé òrùlé; bí ọjọ́ bá pé tí owó kò pé, wọ́n á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí pásítọ̀ rẹ, sí àna rẹ, sí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, pé olè ni ọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan nínú wọn ní Èkó. Wọn kò tíì tán.

Olorì Máxima, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró, ẹ sì kú ọ̀ṣọ́. Ẹ bá wa kí Kábíyèsí. Bí ẹ bá tún ń bọ̀ ní Èkó, aṣọ búlúù yẹn ni kí ẹ wọ̀ wá, kí ẹ sì yà ní Mile 12 kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá báńkì. Àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ ní ọ̀rọ̀ bá yín sọ nípa gbèsè orí fóònù yìí.